Wọ́n Ní Wọ́n Fẹ́ Wó Ejò Onígi

Ní Morecambe, létí òkun tó máa ń lọ láìdágbére,
ẹnu Clive ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde,
níbi tí a tò sí láti ra ẹja díndín:
"Wọ́n fẹ́ wó Ejò Onígi."
Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó gbé téèpù ìwọ̀n dání,
tó fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó kẹtàdínlógún.
Ìyẹn nìkan. Téèpù àti ọ̀dà.
Kí omi tíì tó hó, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ejò Onígi,
pákó ni, irin ni, gíríìsì ni,
ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà tó so kọ́ra
tó ń gòkè bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn,
kọ́, kọ́, kọ́.
Tó bá dé ṣóńṣó, á dúró díẹ̀,
kó fi òkun hàn ọ́
kó tó jù ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n pé jọ sẹ́nu géètì, òjò ń rọ̀ wínníwínní.
Hetty, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní,
"Orí rẹ̀ ni ọkọ mi ti bi mí bóyá màá fẹ́ òun.
Afẹ́fẹ́ gbé ìdáhùn mi lọ;
a ní láti tún un gùn kó tó gbọ́."
Dilwyn ṣí ìwé rẹ̀: ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlá,
ó kọ ọjọ́, ó kọ bí ojú ọ̀run ṣe rí,
ó kọ ìjókòó tó jókòó sí.
Ṣùgbọ́n Rukhsana, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ní,
"Igi ń jẹrà. Ìfẹ́ kì í ṣe ìṣó.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ga tó ẹni tó lè gùn ún.
Mi ò ní jẹ́ kó gùn ún."
Ariwo sọ. Ẹnìkan ní, "Ọ̀dàlẹ̀!"
Ẹlòmíì ní kí wọ́n kúkú wó Ife Tíì Tó Ń Pòòyì,
ni àwọn ti Ife Tíì bá gbaná jẹ:
àṣé Ife Tíì náà lẹ́bí.

Èmi Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn wọn, èmi àti ìgbálẹ̀ mi.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbá ọgbà yìí.
Kò sẹ́ni tó bi mí. Ta ní ń bi ìgbálẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀?
Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́rú, mo rí ìwé kan nínú agbọ̀n ìdọ̀tí ọ́fíìsì,
wọ́n ti ya á sí méjì,
àwòrán ọgbà wa bí ẹyẹ ṣe ń wò ó.
Ilé ìwin wà níbẹ̀, ife wà, ẹṣin wà;
níbi tí Ejò ká sí,
àmì ìbéèrè kan ṣoṣo, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́.
Bí mo bá sọ ọ́, wọn á sọ àmì yẹn di àáké.
Mo panu mọ́.

Ní Ìkìrun, wọ́n gé igi ọsàn ilé wa nítorí títì.
Ẹnikẹ́ni ò jà.
Lójijì ni oòrùn wà níbi tí òjìji ti máa ń wà,
màmá mi sì gbé àpótí rẹ̀ wọlé.
Ìyẹn ni mi ò fi lè bá wọn rẹ́rìn-ín,
àwọn tó ń pe arúgbó tó ń jà fún pákó ní wèrè.

Wọ́n túká nígbà tí ebi pa wọ́n.
Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo san pọ́n-ùn mẹ́ta bí àlejò.
Gethin, tó di ọ̀pá ìdádúró mú, wò mí.
"Ìwọ náà?"
"Èmi náà."
Kọ́, kọ́, kọ́.
Lókè, òkun ti padà wálé, kò kí ẹnikẹ́ni.
Mo wo ìsàlẹ̀. Òpó kẹtàdínlógún ní ìlà pupa.
Ìkejìdínlógún ní. Ìkọkàndínlógún ní.
Bóyá àwọn tí wọn ó tún ṣe ni.
Bóyá àwọn tí wọn ó gé ni.
Mo fẹ́ kà wọ́n dópin,
Ejò náà tẹ orí ba.